Rákẹ́ẹ̀tì Wíwúwo Tí Mo Tà ní Kùmásì

Ọdún tí ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé palẹ̀ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ka ohun gbogbo. Ìyá rẹ ń rákòrò nígbà náà. Ẹni tó bá bi mí ní ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tí mo máa ń wí ni pé, "Fọlákẹ́ ti lè rá dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí lọ́rì ń kó àwọn ènìyàn wa lọ." Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ mi. Má fi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé tún un ṣe.

Mi ò tíì pé ọdún méjì ní Kùmásì nígbà náà. Baálé mi ló ránṣẹ́ pè mí láti Ìníṣà. Yàrá kan la ní ní Mọ́ṣí Zongo, àdúgbò àwọn àjèjì, nínú agbo ilé tí wọ́n ti ń sọ èdè mẹ́rin ní ìdí kànga kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, obìnrin Àṣàǹtí kan wo ikùn mi, ó ní ilé ta ni ọmọ tí mo fẹ́ bí yìí. Mo ní ilé baba rẹ̀ ni. Ó la ẹnu.

"Ei! Ilé baba? Bí baba bá kú ńkọ́?"

Mo rò pé ó ń ṣépè fún baálé mi ni. Mo wọlé, mo sunkún títí. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lóye pé lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ ilé ìyá ni ọmọ ń jẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ń jogún. Obìnrin náà ń káàánú mi ni. Bí ìlú àjèjì ṣe rí nìyẹn: ẹni tó ń ṣàánú rẹ, o lè rò pé ọ̀tá rẹ ni.

Nígbà tí àṣẹ náà wá dé, ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá tú. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a fún ara wa mọ́ bẹ́ǹṣì bíi ẹja inú agbọ̀n. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì sí i, èmi àti ìyá arúgbó kan ló ku lórí bẹ́ǹṣì wa. A kọrin, ohùn wa kò dé òrùlé. Mo rántí pé mo ń wo ẹ̀yìn, bóyá àwọn yòókù pẹ́ ni.

Àwa kò lọ. Baálé mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ọ̀gá rẹ̀ sì bá a ṣe ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni. Èmi ní tèmi, òwú àti abẹ́rẹ́ àti òòyà ni mo ń gbé kiri lórí páànù, wọ́n sì ní àjèjì kò gbọdọ̀ ta irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Nítorí ìwé baálé mi, wọ́n fún mi di Àjíǹde kí n wá ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí lẹ́tà pé mo ń bá òun ṣiṣẹ́. Bí mi ò bá rí i, kí n gbé ọmọ mi pọ̀n kí n máa lọ.

Ẹni tó bá mi wá ọ̀gá ni Bùọ̀dá Ayọ̀ọlá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àdúm tí wọ́n ti ń ta ohun eré ìdárayá. Òun kò rí ìwé gbà. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, ó kó kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì fún Maame Serwaa tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Maame, ìyàwó kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó mọ́ tónítóní. Ẹ gbà á." Òun tí wọ́n ń lé, iṣẹ́ tèmi ló ń wá.

Maame Serwaa kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Aṣọ ló ti ń tà ní ọjà ńlá láti kékeré; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kú tó fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún un. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọmọ ẹ̀yìn mi, ó fi èdè wọn pè mí ní ìyá Fọlákẹ́, ó ní:

"Fọlákẹ́ maame, gbálẹ̀ fún mi, nu eruku, má sọ̀rọ̀ jù. Tó bá di Àjíǹde, bí ó bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá kọ lẹ́tà rẹ. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò mọ̀ ọ́ rí."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo rí bọ́ọ̀lù, mo mọ̀ ọ́n. Mo rí bàtà kanfáàsì, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n igi kan wà tí wọ́n tẹ̀ róbótó, tí wọ́n fi okùn ta ojú rẹ̀ lọ́nà-lọ́nà, tó sì ní ọwọ́ gígùn. Ó pọ̀ lára ògiri. Mo nù ún fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè gbójú sókè bèèrè.

"Maame, asẹ́ yìí dára o. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti gbòòrò jù, èlùbọ́ wo ni wọ́n ń fi sẹ́?"

Maame rẹ́rìn-ín títí ó fi tún aṣọ rẹ̀ ró. Ó pe obìnrin ṣọ́ọ̀bù kejì wá gbọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, tí wọ́n bá ti rí mi ní òpópónà, wọ́n á ní, "Alata, o ti sẹ́ èlùbọ́ tán?" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Rákẹ́ẹ̀tì ni ó ń jẹ́, wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń pè ní tẹníìsì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá ń fi ṣe ẹ̀rín ní ọjà, wọn kò tíì fẹ́ kó lọ.

Rákẹ́ẹ̀tì náà pé oríṣi méjì. Bùọ̀dá Ayọ̀ọlá ti kó wọn lọ́tọ̀-ọ̀tọ̀ kó tó lọ, ọ̀wọ́ kan lápá ọ̀tún, ọ̀wọ́ kan lápá òsì. Àmì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò kà á fún mi? Ọwọ́ mi ni mo fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ti ọ̀tún fúyẹ́. Àwọn ti òsì wúwo.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Maame wọ aṣọ dúdú òun pupa, ó lọ sí òkú ní Mampong. Ìwọ náà mọ Kùmásì, Sátidé kò ju òkú lọ. Ó ní kí n jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan kó padà wá ní Mọ́ńdè. Kò pẹ́, obìnrin kan wọlé, ó dúró ṣánṣán, gíláàsì wà lójú rẹ̀. Mísì Boatemaa ni, olùkọ́ ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní ọ̀nà Tafo.

Ó ní òyìnbó tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà ní tẹníìsì ti padà sí ìlú rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti gbé iṣẹ́ náà lé òun lórí. "Ìwé ni mo ti kà á," ó wí bẹ́ẹ̀. "Rákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti kán tán. Mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́, èwo ni kí n rà, èyí tàbí ìyẹn?"

Ó yẹ kí n ní kó padà wá ní Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń bẹ̀ mí, ó ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ èmi alásẹ́! Mo gbé ti ọ̀tún, mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Mo gbé ti òsì, mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kíjìpá ló ń hun. Àtilẹ̀ ló ti kọ́ mi pé aṣọ tó bá fúyẹ́, ẹni tó hun ún ti fi òwú pamọ́ sílé. Bí a bá fẹ́ ra aṣọ, ọwọ́ la fi ń gbé e wò. Bí a bá fẹ́ ra ìkòkò irin, ọwọ́ la fi ń gbé e wò. Iyùn tó bá fúyẹ́, ayédèrú ni. Ní Ìníṣà, kò sí ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mojú ọjà tí kò mọ ìyẹn.

"Mísì," mo ní, "ẹ gba èyí tó wúwo. Èyí tó fúyẹ́ yẹn, wọ́n ti yọ́ nǹkan jí nínú rẹ̀."

Ó kó tòsì, ó kù díẹ̀ kó tán. Nígbà tí Maame padà dé ní Mọ́ńdè, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pè mí ní "me ba," ọmọ mi. Àwọn tó wúwo yẹn ti pẹ́ lára ògiri, kò sẹ́ni tó ń rà wọ́n. Ká ní mo ní làákàyè ni, ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń rà wọ́n.

Kò sí fóònù tí ń bẹ nílé wa nígbà náà bíi ti ìsinsìnyí tí ìwọ ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnu awakọ̀ ni fóònù wa. Ìyá mi rán awakọ̀ kan sí mi ní ọ̀sẹ̀ náà pé, "Ṣé wọn kò tíì lé ọ?" Mo ní kó wí fún un pé ọmọ rẹ̀ ti ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, àwọn olùkọ́ sì ń wá gba ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀. Inú mi dùn bí mo ṣe ń wí i. Awakọ̀ náà ní, "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, lọ́rì mi lè má gbé e."

Oṣù náà kò tíì tán tí Mísì Boatemaa fi padà wá. Kò dá wá. Ọmọbìnrin méjì tẹ̀lé e, wọ́n fi aṣọ di ọrùn ọwọ́, òórùn òrí sì ń jáde lára wọn. Ọ̀kan wú títí dé ìgúnpá. Ó fi ọwọ́ òsì di bíbélì mú, torí ọ̀tún kò lè di nǹkan mú.

"Maame Serwaa," Mísì wí, "àwọn ọmọ mi kò lè di kálámù mú, ìdánwò sì ti sún mọ́lé. Ọ̀gá wa ní kí n kó gbogbo rẹ̀ padà, àti pé ilé-ìwé wa kò tún ní ra nǹkan kan níbí mọ́ láé."

Maame yíjú sí mi. "Ta ló ní kí wọ́n ra èyí tó wúwo?"

Kí n tó lè fọhùn, òun fúnra rẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ó ní, "Ayọ̀ọlá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àbí? Mo mọ̀. Àwọn Alata tó lọ yìí, kò sí ohun tí wọn kò bàjẹ́ sílẹ̀."

Jẹ́ kí n sọ bí Kùmásì ṣe rí nígbà náà. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́, àwọn tó lọ ló bà á jẹ́. Òrùlé jò, àwọn tó lọ ni. Ewúrẹ́ sọnù, àwọn tó lọ ni. Wọ́n á wí i lójú mi, wọ́n á ní, "Kì í ṣe ìwọ o, ìwọ dára," èmi náà á sì mi orí. Mo ti mi orí ní ìdí kànga. Mo ti mi orí lọ́jà. Orí mímì kò ní kí n san nǹkan kan. Ní ọjọ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i ló kù kí n mi í. Bùọ̀dá Ayọ̀ọlá ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tí yóò lọ bi í. Lẹ́tà mi sì wà lọ́wọ́ Maame, Àjíǹde kò jìnnà mọ́.

Fọlákẹ́ fa irun mi láti ẹ̀yìn. Mo wo ọmọ tó di bíbélì mú yẹn. Mo la ẹnu, èdè Twi tiwọn tó jáde lẹ́nu mi dán ju gbogbo èyí tí mo ti ń sọ lọ:

"Me ara na meyɛeɛ. Èmi gan-an ni mo ṣe é. Bùọ̀dá Ayọ̀ọlá kò sọ nǹkan kan fún mi nípa rẹ̀ rí."

Maame ní, "O mọ ohun tí o wí yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Maame."

"Ó dára. Ní Fúráídè, kí o kó kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀."

Ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yún mi nínú. Mo ní, "Maame, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí Fúráídè tó dé, ẹ jẹ́ kí n bá Mísì lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá a. Mi ò rí i rí."

Mísì Boatemaa bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "O kò rí i rí? O kò rí tẹníìsì rí, o sì kọ́ mi ní èyí tí màá rà?"

"Ẹ̀yin náà, Mísì, ìwé lẹ ti kà á."

Àwọn ọmọ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan ké pe Olúwa, "Awurade!", ó di ọwọ́ rẹ̀ mú nítorí ìrora. Mísì gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é. Maame nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, nígbà tí mo di àwọn tó fúyẹ́ sínú aṣọ tí mo gbé e rù, mo rí i tó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí n gbé ọjà òun lọ sí Tafo ní èmi nìkan.

Ilẹ̀ pupa ni pápá wọn, wọ́n fi ẹfun fa ìlà sí i, àwọ̀n sì dá a sí méjì. Mo jókòó sílẹ̀, mo wò. Mo wò ó pẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé rákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹrù. Ẹrù, ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń gbé e, ó di ibi tó ń lọ kó tó sọ̀ ọ́. Aṣọ, wọ́n á wọ̀ ọ́ ni, aṣọ ló sì ń bá ènìyàn rìn. Ṣùgbọ́n nǹkan yìí, ọmọ náà ń gbé e sókè, ó ń jù ú, ó ń dá a dúró, ó tún ń gbé e, láìmọye ìgbà. Mo ní hàáà, ọmọ odó nìyí.

Ní agbo ilé baba mi, bí ìyàwó mẹ́ta bá ń gún iyán nínú odó kan, olúkúlùkù ló ní ọmọ odó tirẹ̀. Bí ìyàwó tuntun bá dé, ẹnikẹ́ni kì í wo gíga rẹ̀ kó yan ọmọ odó fún un. Wọ́n á kó ọmọ odó wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wò, yóò gún un wò, títí yóò fi rí èyí tí kò bá a jà. Mo ti mọ ìyẹn láti kékeré. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo lọ fi bò ó mọ́lẹ̀.

Mo dìde. Mo ní kí Mísì to àwọn ọmọ náà. Mo fún ọmọ kan ní rákẹ́ẹ̀tì wíwúwo, mo ní kó na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ, kó fi orí rákẹ́ẹ̀tì náà ya òrùka lójú afẹ́fẹ́, jẹ́jẹ́, kó má kánjú. Mi ò wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Bí ọwọ́ bá ń purọ́, ojú kì í bá a purọ́. Ẹni tó bá fún ojú pọ̀, mo gba èyí tó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní èyí tó fúyẹ́. Mo tún rí i pé àwọn kan wà tí ìwọ̀n wọn dọ́gba lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e lé ìka kan, èyí á tẹ̀ sí orí, èyí á tẹ̀ sí ìdí. Èyí tó tẹ̀ sí orí ló ń fa ọrùn ọwọ́ ya. Mo kó ìyẹn sọ́tọ̀.

Ọmọ kan wà níbẹ̀, Akosua, ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Mísì ní, "Èyí tó wúwo ni ti Akosua, kò sí àníàní." Mo ní kó ya òrùka. Ojú rẹ̀ fún bíi ẹni tó jẹ ọsàn kíkan. Èyí tó fúyẹ́ ni mo fún un, ó sì mí kanlẹ̀. Ìgbà tó wá kan Yaa, ọmọ tínrín bí ìgbálẹ̀, Mísì ti na èyí tó fúyẹ́ sí i.

"Daabi, Mísì," Yaa kọ̀. "Me deɛ, ní tèmi, èyí tó wúwo yẹn ni mo fẹ́."

"Yaa, ọwọ́ rẹ á kán!"

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é," mo ní.

Ó ya òrùka náà, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó bọ́ sí pápá. Kò jù ú bíi àwọn yòókù. Ó kàn ń gbé e dúró síwájú bọ́ọ̀lù, ó ń ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù á wá fúnra rẹ̀ gbá a, á sì padà bí òkò. Akosua sáré títí, kò bá a. Mísì Boatemaa dúró, ó la ẹnu sílẹ̀. Gbogbo ìwé tó kà, kò sí ìyẹn níbẹ̀.

Wọ́n fi èyí tó fúyẹ́ pààrọ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn, díẹ̀ nínú èyí tó wúwo sì dúró lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ẹ. Mísì ní kí èmi náà gbá a wò kí n tó lọ. Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù náà fo ògiri ilé-ìwé, ó bọ́ sínú ọkọ̀ èrò, trotro kan tó ń lọ sí Tafo, a kò rí i mọ́ títí di òní. Maame Serwaa, lábẹ́ igi tó jókòó sí, rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ní Fúráídè, mo gbálẹ̀, mo nu eruku, mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì. Maame fi ìka kan tì í padà sí mi.

"Ta lo fẹ́ kí n fún? Àwọn tí mo ti gbà síṣẹ́ rí, bí gíláàsì bá fọ́, atẹ́gùn ló fọ́ ọ. Èmi fẹ́ràn àtilọ sí òkú. Ẹni tó lè wí pé 'èmi ni,' mo lè fi ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́ kí n lọ sunkún pẹ̀lú ọkàn ìbàlẹ̀."

Mísì Boatemaa ló bá a fi kálámù tirẹ̀ kọ lẹ́tà náà. Àjíǹde kò tíì dé.

Ọdún pọ̀ tí mo lò nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo sì di ẹni tí wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́yà kan wá, ọkùnrin gàgàrà, ó ní èyí tó wúwo jù lọ ni kí n gbé fún òun. Mo ní kó ya òrùka. Ó yà á, òógùn bọ́ níwájú orí rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ jù lọ ló rà, ó sì bẹ̀ mí kí n fi bébà wé e dáadáa kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa rí àmì ara rẹ̀. Àwọn tó ń pè mí ní alásẹ́ ní òpópónà wá ń rán ọmọ wọn sí mi. Bẹ́ǹṣì wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kún padà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n ń fi Twi gbàdúrà bí Yorùbá bá há wọn lẹ́nu. Mo máa ń rò ó pé ìgbà wo gan-an ni mo di ará ìlú náà. Ìwé ìjọba ní ọjọ́ tirẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀. Tèmi, ọjọ́ tí mo gba ẹ̀bi mi ni. Àlejò kì í jẹ̀bi nǹkan kan nínú ilé. Ọmọ ilé ni wọ́n ń bá wí.

Bùọ̀dá Ayọ̀ọlá kò padà wá mọ́. Wọ́n ní ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì kú síbẹ̀ ní àlàáfíà. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan wà tí ó kù díẹ̀ kí n fi orúkọ òun ra ìwé.

Nígbà tí ìyá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀ dàgbà, wọ́n máa ń ti ilé-ìwé dé, wọ́n á ní lágbájá tó ti fi kíláàsì sílẹ̀ ló fọ́ fèrèsé, ló jí ìwé, ló ṣe èyí, ló ṣe ìyẹn. Mo sọ fún wọn nígbà náà, bí mo ṣe ń sọ fún ìwọ náà yìí. Mo ní ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò ní ẹnu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ yá a ní tiyín.